Ẹni Tó Máa Ń Bá Wọn Bẹ̀ Ẹ́

Nígbà tí Theresa wà láyé, bí owó ilé ṣe máa ń lọ sókè nílé Ignatius nìyí. Bàbá onílé yìí á dárúkọ iye tó ga ju èyí tó fẹ́ gbà lọ, á sì kọjú sí ìwé ìròyìn rẹ̀. Ayálégbé á fajú ro jáde. Theresa, ìyàwó Bàbá, á ti dúró dè é lẹ́bàá kànga, á rọra sọ fún un pé kó mú àgbàlagbà kan dání, kó wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn Mísà. Wọ́n á wá, Bàbá á já owó náà wá sí iye tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tọ̀túntòsì á sì dúpẹ́.

Ọdún tó kọjá ni Theresa kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Kúlísúmù aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú síbẹ̀, ló ń gbá ewé kúrò lórí ibojì náà láràárọ̀ tó bá ti kírun tán. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Láti ìgbà tó ti dé, wọn kò fi kún owó ilé rẹ̀ rí.

Lọ́dún yìí, òrùlé jò dé orí ibùsùn Ignatius. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó páànù rà. Ó pe Kúlísúmù, ó sọ owó ilé rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ignatius nu àga àlejò, ó gbé omi sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún nínú yàrá lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n báwo ni onílé ṣe máa lọ bẹ ayálégbé pé kó wá bẹ òun?

Nígbà tí oṣù parí, ọkọ̀ dé, wọ́n ń kó ẹrù. Kúlísúmù wá dágbére. Ó ti gba ilé sí ìlú Ìpele, ó sì ti sanwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò wá bẹ̀ mí?" Ignatius bi í.

Obìnrin náà ní, "Ṣé ó ṣeé bẹ̀ ni, Bàbá? Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n kó jáde ni, tí ojú ń tì yín láti sọ ọ́."

Ayálégbé tuntun kan, Sylvanus, ló gba yàrá náà. Kò bẹ̀bẹ̀, ó san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ignatius kan páànù tuntun. Òjò kò tún jò lé e lórí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìyàwó Sylvanus ti sá pákí kún orí ibojì náà. Ó kí Bàbá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dára púpọ̀, nǹkan tètè ń gbẹ níbẹ̀.

Ignatius kí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ẹ̀gbẹ́ ibojì náà yíká.