Abọ́ Lẹ́ẹ̀

Kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ mi, Ológoṣẹ́ ni mo máa ń pè é, nítorí ńṣe ló máa ń ṣa oúnjẹ jẹ bí ẹyẹ. Ìyá rẹ̀ á gbé abọ́ tẹ̀ lé e kiri yàrá, á máa bẹ̀ ẹ́, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí ẹ̀rín yẹn jì mí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n rí kókó kan nísàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n dókítà ní bí wọn kò bá gé kókó náà kúrò, ọmọ yóò kú. Wọ́n gé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó lajú, ó ní, "Bàbá, ebi ń pa mí." Ìyá rẹ̀ jó nínú wọ́ọ̀dù, èmi sáré lọ ra búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn: aláìsàn tó bá ti béèrè oúnjẹ ti yè. Gbogbo ẹbí ń gbé abọ́ wá, à ń yìn ín bó ṣe ń jẹ. Odidi oṣù mẹ́rin la fi ń yin àìsàn.

Ìgbà tí aṣọ kan kò wọ̀ ọ́ mọ́, tí a sì ká a mọ́ ibi tó ti ń rún ìrẹsì tí a kò tíì sè, la tó padà lọ bá dókítà. Obìnrin náà kò tàn wá. Ó ní àwọn èròjà tíntìntín kan wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì iṣẹ́ jíjẹ́: àwọn kan á ní ebi dé, àwọn kan á ní ó ti tó. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò ju èékánná lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń bójú tó oorun, òùngbẹ àti ooru ara. Kókó ti ba ibẹ̀ jẹ́, ọ̀bẹ sì kó ìyókù. Ó ní ikùn ọmọ wa ń ránṣẹ́ pé òun ti yó, ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà ni kò sí mọ́. Mo béèrè oògùn. Ó ní kò sí èyí tó lè dá ibẹ̀ padà, ká ṣáà máa ti oúnjẹ mọ́lé.

Ni mo bá ra àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù, sí fìríìjì, sí ilẹ̀kùn kíṣíìnì. Mo so gbogbo kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mo di wọ́dà lórí ọmọ tí mo bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀kánjúwà ló ń dà á láàmú, kí n fi pàṣán bá a wí. Mo lé e jáde nílé mi, n kò sì tíì bẹ̀ ẹ́ títí dòní.

Bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tó ti já ni mo ń tún rán níbẹ̀, tí mo ń fi lẹ́ẹ̀ lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ ọn. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Èmi gan-an kì í jẹun ọ̀sán mọ́. Ó máa ń bá mi to abala ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bóyá a lè máa bá a lọ báyìí.

Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nínú abọ́. Ìyẹ̀fun ni mo fi ń sè é, aáyán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń sè é, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè fi ẹnu kàn án. Mo ṣépè fún àwọn aáyán dáadáa, mo sì ṣe ohun tí gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń ṣe: mo da oògùn tó ń pa wọ́n sínú lẹ́ẹ̀, mo rò ó pọ̀. Ológoṣẹ́ jókòó síwájú mi, ó ń to ìwé.

Mo jáde lọ gbé iṣẹ́ fún oníbàárà kan. N kò pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé, ó wà nílẹ̀, ó ń bì, lẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Wọ́n fọ inú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó sì yè é. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó tì í, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé aáyán ni mo rò.

"Mo rí yín, Bàbá," ó ní. "Mo rí yín nígbà tí ẹ ń dà á sí i. Mo mọ̀ pé oògùn ni."

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn alájẹjù. N kò mọ̀ pé ikú pàápàá wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn náà.

Nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ wá rí wọlé, ó béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ọmọ mi wí, "ebi ń pa mí."

Inú nọ́ọ̀sì dùn. Ó ní kí n dúpẹ́, pé ẹni tó bá ti béèrè oúnjẹ ti yè. Kí n tó lanu, ó ti jáde lọ wá oúnjẹ. Ológoṣẹ́ yíjú sí ilẹ̀kùn tó gbà jáde, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.