Àkísà Ọ̀gá Mùrí

Ọlọ́kadà tó gbé Mùrí láti Odò-Orí ló kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yíjú padà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni ọ̀gá Hikmat?"

Ọ̀gá Hikmat! Ọkùnrin tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìwó kí wọ́n tó bí ọlọ́kadà yìí gan-an. Òun ló kọ́kọ́ ṣílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ládùúgbò wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, ọmọṣẹ́ Mùrí ni wọ́n ń pè é. Ìgbà wo layé dorí kodò tí wọ́n wá ń fi ọmọṣẹ́ júwe ọ̀gá?

"Èmi ni Mùrí," ló fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: owú ló ń jẹ Mùrí. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ọmọ náà ló ń bí òun nínú. Irọ́ ni. Owú ni, owú ojú ọ̀sán gangan.

Ọdún méjì sẹ́yìn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́kọ́ dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láàárín ìgbà òjò, ó pa àgbàdo àwọn ará Kuta lójú oko. Nígbà tí òjò wá máa dé, ó dé bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi rọ̀, àgbàrá sì wọ ṣọ́ọ̀bù Mùrí dé orúnkún. Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló mu omi yó. Bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Hikmat, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kó gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti dí, kí wọ́n sì gbé àwọn ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, nítorí òjò ò rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Èsì kan náà ni Mùrí ń fún un: "Ní sùúrù, a ti ń bọ̀ níbẹ̀."

Lẹ́yìn àgbàrá náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé okùn ìwọ̀n wá, wọ́n wọn gọ́tà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará àdúgbò kò ju pé, "Ẹ ní sùúrù, a ti ń bọ̀ níbẹ̀." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Mùrí fi bú wọn. Kò rántí ibi tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ta gbogbo kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ gbàgìdì tí ojú rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá láti Ìbàdàn nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Hikmat lọ bá onírin àlòkù, ó rà á, ó sá a sóòrùn, ó tú u palẹ̀, ó tún un ṣe. Ó wá fi ṣe nǹkan kan tí àwọn ará yunifásítì tó wà nílùú ní iṣẹ́ ọnà ni. Wọ́n fún un láyè níbi ìpàtẹ wọn.

Kí ìpàtẹ náà tó bẹ̀rẹ̀, Hikmat wá kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́ta mi ti pé tipẹ́. Ẹ bá mi ṣe fírídọ́ọ̀mù mi, sà."

Ọ̀rọ̀ fírídọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bó ti wù kí ọmọ gbọ́n tó, bí ọ̀gá rẹ̀ ò bá tíì ṣàdúrà fún un níṣojú ẹlẹ́rìí, kó sì bọwọ́ lu ìwé rẹ̀, ọmọṣẹ́ ló ṣì jẹ́. Bó bá gbé pátákó kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀gá tó kù á wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwé Hikmat ti wà nínú dúrọ́ọ̀ Mùrí láti ọdún tó kọjá, ìbọwọ́lù ló kù.

"Ọjọ́ tó o bá mọṣẹ́, màá ṣe é fún ọ," ni Mùrí wí. "Kọ̀ǹpútà tó ti kú lò ń gbé kiri, o ní iṣẹ́ ọnà."

Hikmat dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìdúpẹ́ yẹn tún wá dun Mùrí ju èébú lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni Mùrí fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Àfi ìgbà tó rí i pé àkísà òun gan-an lọmọ yìí lọ rà, òun ló wọ̀ jáde, tí gbogbo ìlú sì ń sáré lọ wò ó.

Ọjọ́ kẹsàn-án ìpàtẹ ni Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, dé láti yunifásítì náà tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu.

"Bàbá Abdulsobur, wàláhì, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ Hikmat! Àwọn kan wá láti Èkó."

Ọbẹ̀ tí Mùrí ń jẹ kan mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe, ẹ̀rọ náà?"

"Á máa kọ àwọn nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Oko Kuta gbẹ. Omi wọlé ní Ìwó. Á wá ya ilé kékeré kan, omi á máa kún bọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Á bi yín pé ṣé ká ṣe nǹkan kan sí i? Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, á ní kẹ́ ẹ ní sùúrù. Á máa kà á lọ, ení, èjì, títí dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Á tún padà sí ení."

Mùrí gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. "Kì í dé ọgọ́rùn-ún?"

"Kì í dé e. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á lọ."

Inú Mùrí dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó mọ àṣìṣe yẹn! Aláàárù tí kì í sọ ẹrù, orúkọ tóun fúnra rẹ̀ fún un nìyẹn: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń yípo láìdúró nítorí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn tó máa gbà jáde fún un. Hikmat ṣe irú rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, òun sì bá a wí títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kiri ò tíì mọṣẹ́ nìyẹn! Ó wẹ̀, ó wọ jalabíà funfun, ó pe kẹ̀kẹ́.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Ọ̀mọ̀wé Adédìpẹ̀, tó ṣe kòkárí ìpàtẹ náà, ń ṣàlàyé lọ́wọ́. Hikmat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú hìjáàbù rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ náà, omi aláwọ̀ ewé ti dé òrùlé ilé kékeré yẹn, lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: Ẹ NÍ SÙÚRÙ, A TI Ń BỌ̀ NÍBẸ̀. Nǹkan kan já Mùrí láyà nígbà tó kà á, ṣùgbọ́n owú kò jẹ́ kó dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ gáfárà!" Ó ti dé iwájú. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àṣìṣe lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ yìí ò tíì gba fírídọ́ọ̀mù!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Adédìpẹ̀ wí, "bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àìparí rẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀rọ tí kò bá parí iṣẹ́, ó bàjẹ́ ni. Kò ní ìtumọ̀ mìíràn."

Adédìpẹ̀ fẹ́ dí i lọ́nà. Hikmat ló sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, sà. Ọ̀gá mi ni."

Mùrí jókòó. Ìka rẹ̀ mọ ẹ̀rọ náà. Àwọn lẹ́tà tó ti pa rẹ́ lórí rẹ̀, òun ló tẹ̀ wọ́n pa rẹ́. Ó dá iṣẹ́ náà dúró, ìlà ìlà ohun tí Hikmat kọ sì jáde. Ìkánjú owú ò jẹ́ kó ka ìyókù. Ìlà kan ṣoṣo ló ń wá, ó sì rí i: èyí tó ń dá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún padà sí ení. Ó yọ ọ́ dànù. Ó tún mú iṣẹ́ náà gbéra.

Gbogbo ènìyàn ń bá a kà á lọ. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó kúrò ní òrùlé, ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbẹ pátá. Mùrí ti ń yíjú sí èrò kó lè gba oríyìn rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín àwọn èèyàn ló jẹ́ kó yíjú padà.

Ọ̀GÁ MÙRÍ, Ẹ KÁÀBỌ̀, SÀ.
MO MỌ̀ PÉ Ẹ Ò NÍ LÈ FARA DÀ Á.
ÀWỌN TÓ KÙ KÀN Ń WÒ Ó NI.
GỌ́TÀ Ẹ̀YÌN ṢỌ́Ọ̀BÙ WA ṢÌ DÍ.

Ojú tì í. Ìgbà náà ló wá rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé a ti ń bọ̀ níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kankan tó gbé okùn ìwọ̀n dé. Hikmat ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí yín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa wá, wọ́n wò ó, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"O mọ̀ pé màá wá?"

Hikmat wolẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ ó jowú, sà."

Mùrí dìde, ó gbọn jalabíà rẹ̀, ó rìn jáde láàárín èrò láìkí ẹnikẹ́ni. Títí tó fi délé ni owú náà ń jẹ ẹ́. Èwo lẹ tún rò? Ọmọ náà gbọ́n jù ú lọ, ó sì mọ̀ ọ́n dénú. Ta ni kò ní jowú?

Àárọ̀ Sátidé, Hikmat gba ìpè kan, ó sì wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mùrí ló bá nínú gọ́tà, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde. Ràhámọ̀tù àti aládùúgbò méjì dúró bí ẹlẹ́rìí. Mùrí gba ìwé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ó bọwọ́ lù ú pẹ̀lú ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Hikmat gba ìwé náà, ó fi sí àyà, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ gọ́tà tọ ọ̀gá rẹ̀.

Ọlọ́kadà kan ń kọjá lọ. Ó dúró, ó na ọrùn wò wọ́n. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá Hikmat?"

Mùrí nàró nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì dùn ún, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín.

"Èmi ni," ló wí. "Sọ̀kalẹ̀ wá. Ṣọ́bìrì kan ṣì kù."