“Gé E!” Ni Wọ́n Wí, Mo Sì Gé E

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí Ọjọ́rú òní ni mo ta jí lójú àlá burúkú kan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti mú mi fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá mi ní, tó lóyún, ni mo fẹ́ mú lọ lọ́jọ́ Ẹtì.

Nínú àlá náà, ewúrẹ́ wa ń rọbí lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa níbi ìdíje náà. Koríko ibẹ̀ jẹ́ ike, kò sì sí òórùn kankan. Olóòtú ètò ń ké pé, “Àǹtí àgbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ló kù o! Sọ fún un kó yára!” Èrò ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ bọ́ sílẹ̀, kò tíì mí. Ọ̀gá oníkámẹ́rà pariwo: “Gé e!” Ohun tó ń wí ni pé kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, àmọ́ ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má fìdí rẹmi. Mo gé ìwọ́ ọmọ náà. Kò sì mí rárá.

Ọ̀gá náà ní, “Kò burú, ẹ jẹ́ ká tún un bí.”

Bàbá mi ń pàtẹ́wọ́ láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ kò dún.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, bàbá mi ti ń fún ewúrẹ́ ní èèpo ẹ̀gẹ́. Ó fọwọ́ pa ewúrẹ́ náà lórí, ó ń ṣàwàdà pé, “Ìwọ àti ìyàwó mi yìí, ṣé ẹ ti di ẹrù yín?”

Bí mi ò bá lọ, mo já bàbá mi kulẹ̀. Bí mo bá lọ, tí ewúrẹ́ bá bí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?