Àbùkù Ọkọ̀ Kẹta

Ọkọ̀ kẹta ló dáa jù. Mo sọ ọ́ tán. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì akérò láti ìgbà ọ̀dọ́ títí irun fi funfun, tó wá ní òun ò mọ ọkọ̀ tó dáa, irọ́ ló ń pa. Ojú mi rí i, ọwọ́ mi kàn án, inú mi ni ò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tá a ń wá kiri. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo bá wà nílé, òun á wà ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá fi máa délé, èmi á ti gbéra. A bímọ, a tọ́ wọn, wọ́n ti ní ilé tiwọn, síbẹ̀ bí aládùúgbò tó ń kíra wọn lẹ́nu ọ̀nà la rí síra wa. Mo wá ṣèlérí fún un pé bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, a máa ra ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ dilé, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú. Òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ọ̀nà tí mo ti ń dá rìn, a jọ máa rìn ín. Òun gan-an ló ń retí ẹ̀ jù.

Èyí tá a kọ́kọ́ lọ wò, inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ òrùlé ẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Ìyàwó mi dúró níwájú sítóòfù, ó tẹ̀ba bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún látorí gbígbé aláìsàn ò lè gba ìyẹn. Ìkejì ga dáadáa, ṣùgbọ́n ìbú ọkọ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí. Mo dùbúlẹ̀, orúnkún mi ká wá sí àyà, ìyàwó mi ní mo dà bí ọmọ inú oyún. A rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń tà á fi fajú ro.

Ilé wa ní òfin kan. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni ọ̀rọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ìyàwó mi ní ká má tíì fún un ní oògùn, mi ò gbọdọ̀ yanu. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti táyà, ohun tí mo bá ti sọ, abẹ gé e. Òfin yẹn ni ò jẹ́ ká máa jà.

Ọgbà káfíńtà kan ni ọkọ̀ kẹta wà. Fúnra ẹ̀ ló ń ra bọ́ọ̀sì òfìfo, tó sì ń fi pákó kọ́lé sínú ẹ̀. Ó ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tá a wọlé. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó mi, ó ju irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́rìn-ín! Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo? Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń pè. Ìyàwó mi ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó tinú ikùn wá, tí mo ti gbọ́ gbẹ̀yìn nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" ló bi í.

"Ẹ wò ó, ó ti ń sáré." Ọkùnrin náà fò sókè, ó sì kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Ẹsẹ̀ mi ló kán nígbà yẹn, mo pẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn. Ìyàwó yín ló tọ́jú mi tí mo fi ń rìn."

Bàbá. Ẹni tó bá rí wa á mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ibi bàbá yẹn ni owú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, kò sì dúró níbẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wa. Ìyàwó mi wọlé, ó nàró ṣánṣán, orí ẹ̀ ò kan nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí síńkì, ó na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò tẹ̀, kò nà gàgà.

"Ẹ máa fẹ́ràn fèrèsé ibi orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, Nọ́ọ̀sì," ni káfíńtà wí. "Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣí gbogbo fèrèsé wọ́ọ̀dù, tí àwa á máa gbọ̀n."

Àwọn méjèèjì tún rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń ti fèrèsé yàrá wa láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra wa, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ooru ń mú un.

"Níbo lẹ máa kọ́kọ́ lọ, Bàbá?"

Mo ka àwọn ọ̀nà tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún un, èyí tí títì ẹ̀ dán, èyí tí ilé epo pọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ dé etí òkun? Nígbà tí ìrora ò jẹ́ n sùn, ọ̀rọ̀ etí òkun ni Nọ́ọ̀sì fi máa ń tù mí nínú. Wọ́n ní ohun kan táwọn fẹ́ láyé ni káwọn ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kó jẹ́ omi làwọn máa kọ́kọ́ rí."

Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀. Ká ní ẹnì kan bi mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé kí ni ìyàwó mi fẹ́ láyé, ǹ bá ní firíìjì tuntun.

Owú wá jẹ mí gan-an. Kì í ṣe pé mo rò pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ kíkán kì í lé obìnrin. Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin yìí mọ obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ṣí fèrèsé, tó fẹ́ràn òkun, inú ilé mi ni obìnrin yẹn sì ń gbé, mi ò bá a pàdé rí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ọkọ̀ wò. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń wá ìpẹtà, n ò rí. Mo tọ wáyà bátìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ẹ̀ ló wà nípò. Mo fimú fínlẹ̀ nídìí páìpù gáàsì, kò rùn. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó gùn jù mí lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn bí mi nínú. Kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí mo lè gbá mú.

Mo jáde, mo nu ọwọ́ mi.

"Ìdí ọkọ̀ yìí wúwo jù," ni mo wí. "Táńkì omi ti fà á sẹ́yìn. Tá a bá dórí òkè, iwájú ẹ̀ á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́. Mi ò lè gbé ìyàwó mi sínú ẹ̀."

Àárín gbùngbùn ni táńkì yẹn wà, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń gbé e. Káfíńtà mọ̀. Ó lanu, ó tún pa á dé. Kò fẹ́ dójú ti ọkọ lójú ìyàwó.

"A ti gbọ́, Bàbá," ló wí. Àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn ló tún wá burú jù.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, ó ní kó máa rọra lo ẹsẹ̀.

Títí a fi délé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kejì ni mò ń sọ. Mo ní wọ́n lè bá wa yí ibùsùn ẹ̀ padà. Mo ní káfíńtà yẹn ti ń ṣe jù, àgbàlagbà tó ń fò kiri. Kò dá mi lóhùn. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mo rò pé mo ti borí.

Nígbà tó bọ́ bàtà tán, ó jókòó síwájú mi.

"Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń dá aláìsàn mọ̀, èyí tó ju oògùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ní òun ti gbé e mì? Ó máa ń yára nu ọwọ́ ni."

Mo wo ọwọ́ mi.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tiyín ò tiẹ̀ tíì kúrò lẹ́nu géètì."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

"Ìwọ àti òun lẹ jọ mọ ohun tó wà láàárín yín," ni mo wí. Owú ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló yá.

"Kò sí ju pé kò rí oorun sùn, èmi náà ò sì gbọdọ̀ sùn. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, ẹ̀yin wà lójú ọ̀nà. Ká ní ẹ wà nílé ni, ẹ̀yin ni ǹ bá sọ̀rọ̀ òkun fún."

"Mo ti wà nílé báyìí."

"Ẹ ti wà nílé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ bi mí?"

Mo ní ká padà lọ lọ́la, kí n sọ fún káfíńtà pé mo ṣì í wò. Mo ní etí òkun náà la máa kọ́kọ́ lọ. Ó dìde, ó gbé bàtà ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rọra dá mi lóhùn, bí wọ́n ṣe máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ rà. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe sí i."