Àádọ́rin Ọjọ́ Màámi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe áàpù tó ń rán àwọn èèyàn létí ohun tó máa ṣe ara wọn lóore: ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀, ẹ lo oògùn yín. Ẹni tó bá ṣe é á tẹ bọ́tìnnì, áàpù á sì ka ọjọ́ kan sí i fún un. Bó bá fo ọjọ́ kan péré, ó di òdo. Èmi ni mo ta kú pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ òdo, kó má gbàgbé.

Màámi, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Láràárọ̀ ni mò ń rí i lórí fóònù tèmi pé wọ́n ti lo oògùn, ọkàn mi á sì balẹ̀. Wọ́n dé àádọ́rin ọjọ́. Lẹ́yìn náà, òdo. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní wọ́n gbàgbé ni. Lọ́jọ́ kejì, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo pè wọ́n, fóònù wọn wà ní pípa.

Sálúbàtà tí mo fi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni mo wọ̀ délé wọn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bú ara mi.

Mo bá wọn nídìí fèrèsé, wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Ṣé kò sí o? Ta ló ń lé ọ?"

Ìdí páálí oògùn ni mo gbà lọ. Mo ka hóró tó kù lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò fo ọjọ́ kankan! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ pa fóònù, Màámi?"

"Mo gbàgbé láti tẹ nǹkan yẹn níjọ́ kan ṣoṣo, ó ní kí n padà sí òdo! Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin! Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo wà ni? Mo pa á, mo jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ṣe é, ṣé kò ní ìyá nílé ni?"

"Èmi ni mo ṣe é, Màámi."

Wọ́n wò mí títí, ẹ̀rín wá gba ẹnu wọn. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi ni n ò kọ́ ọ dáadáa."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo yọ òdo kúrò. Ní báyìí, bí èèyàn bá fo ọjọ́, iye rẹ̀ á dúró síbi tó wà, áàpù á sì kí i pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Fóònù Màámi la ti kọ́kọ́ dán an wò, mo sì dá àádọ́rin ọjọ́ wọn padà síbẹ̀. Bó ṣe kí wọn, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu.

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

Wọ́n lo oògùn, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ó di mọ́kànléláàádọ́rin.