Ọjọ́ Tí Bíìtì Bá Wa Dá

Ẹni tó bá fẹ́ kú nílẹ̀ tiwa, kó tètè kú kí oṣù kẹwàá tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ní sùúrù títí bíìtì, ohun ọ̀gbìn abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, yóò fi tán lóko. N kò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ọdún tí ìyá Duane Rustad kú láàárín ìkórè, pásítọ̀ ìjọ Lúthérì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tọ́jú màmá sí yàrá tútù títí oko yóò fi ṣófo, torí òun náà ń bá wọn wa ọkọ̀ akẹ́rù lóru. Kò sẹ́ni tó bínú. Bí yìnyín bá dì mọ́ bíìtì nínú ilẹ̀, ṣúgà ọdún kan ti lọ nìyẹn, ohun tí ìdílé yóò sì fi jẹun títí àmọ́dún bá a lọ. Nítorí náà ni a kì í fi gbéyàwó lásìkò yẹn, a kì í ṣe ìrìbọmi, a kì í lọ wo dókítà eyín. Eyín tó bá ń ro ọ́, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì jẹun.

Ẹ wá rò ó wò. Irú ilé báyìí ni Britta, ọmọ àbúrò mi, ti dìde nídìí tábìlì oúnjẹ tó ní òun fẹ́ lọ wo yunifásítì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí iṣẹ́ bíìtì bá gbóná janjan lóko. Verlyn bàbá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ní òun fẹ́ lọ tiná bọ abà.

Kí n tó máa lọ, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Orí ọmọ náà pé. Kì í ṣe pé mo ń yin ọmọ wa o, àwọn ará yunifásítì ló pè é fúnra wọn pé àwọn fẹ́ ẹ sí kíláàsì àṣàyàn, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí orí wọn mú bí abẹ jọ sí. Wọ́n ní kó wá wo ọgbà náà kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kó mú ọjọ́ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ìdáhùn rẹ̀ wọlé kí oṣù tó parí. Britta mú Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni tíṣà ìṣirò tó fẹ́ wò máa ń kọ́ni.

Ó ní, "Dádì, mo fẹ́ jókòó nínú kíláàsì wọn ni. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fẹ́ lò níbẹ̀, ẹ ò ní í ra màlúù láì wo eyín rẹ̀."

Verlyn ní, "Ọjọ́bọ̀? Ta ni yóò wa ọkọ̀ kejì? Ṣé àwọn tíṣà ìṣirò ni?"

Darla, ìyàwó rẹ̀, ń pín àsáró ọ̀dùnkún sáwo. Ó ní, "Bàbá Britta, ọjọ́ kan péré ni."

"Ọjọ́ kan! Ọjọ́ kan ni yìnyín náà fi ń dì!"

Wọ́n fà á títí, oúnjẹ tutù. Nígbà tó yá, Verlyn ní òun máa wá nǹkan ṣe sí i. Mo rò pé ó fẹ́ lọ wá awakọ̀ ni. Àṣé ojú ọ̀run ló fẹ́ lọ wò.

Bíìtì tó gbóná kì í pẹ́ jẹrà nínú òkìtì. Nítorí náà, bí ooru bá ti mú ju bó ṣe yẹ lọ, ilé iṣẹ́ ṣúgà á ti ibùdó tí a ń kó o dà sí, gbogbo wa á sì ká ọwọ́ gbera títí ilẹ̀ yóò fi tutù. Verlyn gbọ́ lórí rédíò pé ooru ń bọ̀ ní Sátidé. Kò bi ọmọ, kò bi ìyá ọmọ. Ó gbé fóònù, ó pe ọ́fíìsì àwọn ará kíláàsì àṣàyàn, ó ní kí wọ́n sún ọjọ́ Britta sí Sátidé. Ó wá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni tó fúnni lẹ́bùn.

"Mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀. Sátidé ni. Ibùdó á tì, gbogbo wa la jọ máa lọ."

Britta gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi yanjú ẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ lọ ni?"

"Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ni mo sọ fún yín! Dádì, ẹ wo ooru bíìtì, ẹ fi dá ọjọ́ fún mi. Bíìtì ni mí ni?"

Àbúrò mi ṣẹ́jú sí i. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bíìtì ló ń dá ọjọ́ fún òun náà. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn: ẹni tí wọ́n fi okùn so ọrùn rẹ̀ láti kékeré, ó máa rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Sátidé dé, ooru mú lóòótọ́, ibùdó tì. A kó sínú ọkọ̀ Darla. A kò tíì dé ìlú tí ọkọ̀ ti tò bí èèrà. Gbogbo ènìyàn wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni, irú èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá. Nínú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó rántí, torí àwa kì í wo bọ́ọ̀lù nígbà bíìtì. Ibi tí wọ́n ní ká gbé ọkọ̀ sí, àwọn kan ti dáná sí i, wọ́n ń yan ẹran, wọ́n ń mu ọtí bíà láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ilé kíláàsì àṣàyàn wà ní títì pa. Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀dà kun ìdajì ojú rẹ̀, ó ní òun ni òun máa mú wa yíká.

Britta ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí tíṣà ìṣirò?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà? Lónìí? Sístà, ẹ gbàgbé tíṣà. Àmọ́ ẹ lè yọjú lójú fèrèsé, ẹ máa rí àwọn àga."

Àga! A wakọ̀ láti ìdájí wá wo àga. Britta fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó yọjú lóòótọ́. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ti pọ́n bí ata.

Ọ̀gbẹ́ni Verlyn ńkọ́? Ó ń gbádùn! Ó ti ra sọ́séèjì, ó ti ra fìlà aláwọ̀ ewé, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀ rí bọwọ́. Ìlù àwọn onífèrè ń kọjá, ó ń mi orí. Ó ní, "Darla, o ò rí ilé ẹ̀kọ́! Wo bí inú gbogbo wọn ṣe ń dùn!" Ó rìn lọ sí ìdí tábìlì kan tí ọmọbìnrin kan ti ń pín báàjì fún àlejò, ó gbé àyà síta. "Ọmọ mi ti gbà o. Kíláàsì àṣàyàn. Ẹ bá mi kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ kú oríire o!" ni ọmọbìnrin náà wí, ó ti mú gègé.

"Má kọ nǹkan kan," ni Britta wí lẹ́yìn wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà gbé gègé sílẹ̀ bíi pé ó gbóná. "N kò tíì gbà. N kò tíì rí nǹkan kan tí mo máa gbà."

Ìjà ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ la ti jà á, láàárín àwọn tó ń yan ẹran.

"O dójú tì mí!"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi mí tọrẹ bí ajá!"

"Mo mú ẹ wá síbí, ooru ń pa mí, mo..."

"Ẹ mú ara yín wá síbí! Ọjọ́ ọdún, Dádì, ilé wo ni kì í gbálẹ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé kí n má ra ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kùn ún lọ́dà tuntun?"

Ọkùnrin kan tó ń yan ẹran na sọ́séèjì sí mi lórí fọ́ọ̀kì, ó ní bóyá ó máa tù wọ́n nínú. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá jà.

A wakọ̀ padà sílé. Lọ́jọ́ Àìkú ilẹ̀ tutù, ibùdó ṣí, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Darla ń wa ẹ̀rọ tó ń hú bíìtì, Verlyn wa ọkọ̀ kan, Britta wa ìkejì. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀ lójúkojú pé òun ti pe ọ́fíìsì fúnra òun, Ọjọ́bọ̀ lòun ń lọ, kó wá awakọ̀. Verlyn ní òun ò wá ẹnì kankan. Ó rò pé bí òun ò bá wá awakọ̀, ọmọ ò ní í lè lọ. Kò mọ̀ pé ọmọ tí òun bí ni, àti pé agídí kì í kọjá ilé wa láì wọlé kí wa.

Ìgbáròkó mi ti bàjẹ́, n kò lè gun ọkọ̀ akẹ́rù mọ́, ṣùgbọ́n mo lè wa ọkọ̀ kékeré. Britta ti bá mi sọ ọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti gbé ọkọ̀ mi dúró lẹ́nu ibùdó. Ó dà bíìtì rẹ̀ tán, ó yọ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pa á, ó bọ́ sílẹ̀. Ó rìn lọ bá bàbá rẹ̀ tó wà lórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó ń dúró dà bíìtì, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i lójú fèrèsé. Fìlà aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí ọkùnrin náà.

"Gun ọkọ̀ ẹ padà," ni Verlyn wí.

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ajé."

"Britta Tollefsrud, gun ọkọ̀ ẹ padà! Ojú ń wò wá!"

Ojú ń wò wọ́n lóòótọ́. Duane Rustad yọrí lẹ́yìn wọn, ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi. "Verlyn! Àbí ọmọ ẹ ti já ìwé fún ẹ ni?"

"Duane, bóò lọ! Ìyá ẹ gan-an sinmi nínú fìríìjì nítorí bíìtì, kò ráhùn!"

"Kò ráhùn torí ó ti kú!" ni Duane dá a lóhùn. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Britta kò rẹ́rìn-ín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí ẹnu fèrèsé, ó kúrò níbẹ̀. Verlyn wá kọjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá Orrin, ẹ ń bà mí lọ́mọ jẹ́."

Mo ní, "Verlyn, nígbà tí èmi náà wà lọ́mọ ọdún rẹ̀, Bàbá ní kí n jẹ́ kí bíìtì tán ná. Bíìtì kò tíì tán. Sún ọkọ̀ ẹ síwájú, ìlà ń dúró dè ẹ́."

A dé yunifásítì. Ọgbà dákẹ́, kò sí ìlù, àwọn ọmọ ń rìn kíákíá, wọ́n dorí kodò. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, n ò ní í purọ́, wọ́n fún mi ní kọfí. A jókòó lẹ́yìn kíláàsì, bàtà Britta kún fún ẹrẹ̀. Tíṣà náà wọlé, ó kọjú sógiri, ó ń ka ohun tí iná ẹ̀rọ gbé sára ògiri. Àwọn ọmọ tí orí wọn mú bí abẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà wọn. Mo wo ti èyí tó wà níwájú mi: bàtà ló ń rà. Nígbà tó yá, Britta nawọ́, ó bi tíṣà ní ìdí tí ọ̀nà mìíràn kò fi lè yanjú ìṣirò náà. Èmi ò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ oorun.

Tíṣà ní, "Àlejò máa ń gbọ́ ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, Britta bi ọmọbìnrin kan pé, "Ṣé ẹ kì í bi í ní ìbéèrè?"

"Ìbéèrè kẹ̀? Kò fẹ́ràn ẹ̀. Ìwọ ṣáà máa kọ ọ́ sílẹ̀."

"Àwọn tíṣà yòókù ńkọ́?"

Ọmọ náà gbé èjìká. "Bákan náà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù wa dáa."

A padà sínú ọkọ̀. Mo gbọ́ tó ń fi fóònù bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, a rí òkìtì bíìtì lókèèrè, ó ga bí òkè láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá Orrin, n kò ní í lọ kàwé níbẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù lọ́jọ́ Sátidé kí Dádì fi ọdún mẹ́rin mi ra fìlà." Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀ mi, ẹrẹ̀ gbígbẹ jábọ́. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn kò sọ fún wa pé àfojúbà náà máa ń dunni.

Verlyn wà lórí ìlà. Láti àárọ̀, ọkọ̀ méjì ló ń pààrọ̀ wà, bó bá kó èyí dé, á sáré padà lọ gbé èkejì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Britta gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, mo ti dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Verlyn wí. "O ti rí i. Ìgbà wo lo máa sọ fún wọn pé o gbà?"

"N kò gbà. N kò ní í lọ síbẹ̀."

"O fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ méjì láti lọ sọ pé o ò lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn! Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà lápá ìlà-oòrùn, lẹ́bàá adágún. Àwọn náà ti pè mí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó gbé fóònù lónìí, tíṣà ni, òun ló ń bi mí ní ìbéèrè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo máa lọ."

"Ìṣẹ́gun!" Verlyn lu ìtọ́kọ̀. "Nínú bíìtì! Ta ni yóò wa ọkọ̀?"

Ọwọ́ tó fi lu ìtọ́kọ̀ yẹn, ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo oko ló gbọ́. Ohùn Darla jáde láti orí ẹ̀rọ tó ń hú bíìtì, ó gbẹ bí igi ìdáná.

"Ìwọ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Duane pàápàá pa ẹnu mọ́.

Verlyn bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí fìlà aláwọ̀ ewé lórí, ó wò ó, ó fi nu ẹrẹ̀ tó bo gíláàsì iwájú ọkọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí èèyàn fi lè rí ọ̀nà. Ó sọ ọ́ sẹ́yìn ìjókòó. Ojú rẹ̀ kò tíì rọ̀, èmi ò sì rò pé ó rọ̀ títí bíìtì fi tán lọ́dún yẹn.

"Aago mélòó," ló fi ìbínú bi ọmọ rẹ̀, "lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"