Ìjókòó Tó Ṣófo Lọ́jọ́ Ìdánwò

Iléèwé márùn-ún ló wà ní agbègbè náà, ti orí òkè ló kéré jù. Lọ́dún yẹn, ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ ní àwọn máa fi máàkì iléèwé kan wé ti èkejì. Èyí tó bá gbẹ́yìn, wọn máa tì í pa, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa rìn lọ sí òdìkejì odò. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá iléèwé orí òkè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó wá dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó máa ṣe ìdánwò ò pọ̀. Wọ́n á ro máàkì gbogbo wọn pọ̀, wọ́n á sì fi iye wọn pín in; nítorí náà, bí ọmọ kan ṣoṣo bá fà sẹ́yìn, ó ti fa gbogbo iléèwé wọ kòtò nìyẹn.

Ọmọ náà sì wà. Ìgbín ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá ti ka ojú ewé kan tán, òun á ṣì máa fi ìka tẹ̀lé ìlà kejì. Ọmọ àbúrò ọ̀gá ni, àbúrò tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Tíṣà kejì, ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Aláwàdà, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń nu pátákó ìkọ̀wé.

"Ọ̀gá, ṣé ọmọ ò lè ní ibà ni?"

"Ọmọ wo?"

"Ẹ mọ ọmọ tí mò ń wí. Ibà ọjọ́ kan péré. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ara ti yá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléèwé parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ọ̀nà ilé; ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ló gbà.

Aránṣọ ni àbúrò náà. Ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin láìgbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ló dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó yé mi. Nígbà tí Bàámi kú, èmi ni wọ́n ní kó dúró sílé kí ẹ̀yin lè máa lọ síléèwé. Mo dúró. Ní báyìí, ọmọ mi ló kàn?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́?"

Ọ̀gá wolẹ̀. Ó rántí dáadáa. Kíláàsì kẹta ni àbúrò rẹ̀ wà. Aṣọ iléèwé tó bọ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n tún ṣe fún òun, wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn kún etí rẹ̀ nítorí pé ó kúrú.

"Bí wọ́n bá tì í pa, gbogbo ọmọ orí òkè ló máa jìyà ẹ̀," ló wí. "Tìrẹ náà wà níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Ó máa dúró sílé. Ṣebí a ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ilé tiwa."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì gbé àwọn ìwé ìdánwò dé. Ó ka àwọn ọmọ, ó wo rẹ́jísítà, ó tún wọn kà.

"Ẹnì kan ò sí."

"Ara rẹ̀ ò yá, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òdo la máa kọ fún un."

"Òdo? Ẹni tí ò wá?"

"Òfin tuntun ni, Màmá. Àwọn ọ̀gá kan ló ń fi àwọn ọmọ tí ò mọ̀wé pa mọ́ sílé. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà níbí, a máa kà á mọ́ wọn. Àmọ́ tó bá tètè dé, ó ṣì lè jókòó."

Ọ̀gá wo Aláwàdà. Aláwàdà ń wo àjà. Ọ̀gá bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré sọ̀kalẹ̀ òkè, obìnrin tí àwọn ọmọ ò rí kó yára rìn rí. Òdo! Òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi ẹ̀bẹ̀ wá òdo.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Ìgbín jókòó lórí àpótí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Aṣọ iléèwé ló wọ̀.

Àbúrò ọ̀gá wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kún fún eruku. "Kí ló dé? Iléèwé ń jó ni?"

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kó máa bọ̀."

"Ṣé èmi lẹ ní kó má wá ni? Òun ni kí ẹ bẹ̀."

Ọ̀gá lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Jẹ́ ká lọ, ọmọ mi."

"Àǹtí, ṣebí wọ́n ní mo máa ba iléèwé jẹ́."

"Èmi ni mo ṣìwí."

"Tí mi ò bá parí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ibi tó o bá ṣe é dé, ibẹ̀ náà ni."

Ọmọ náà já òwú. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ kó má bàa sọnù. Ó wọ bàtà, ó so okùn ọ̀kan, ó so ti èkejì. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

"Ẹ má lé e o," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ̀yin tí ẹ sáré, ibo lẹ sáré dé?"

Alábẹ̀wò gbà á wọlé. Láti ojú fèrèsé, ọ̀gá ń wo ìka ọmọ náà bó ṣe ń tẹ̀lé ìlà kan, tó dúró, tó tún padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ọ̀gá fi èjìká la àárín èrò. Ipò kìíní, kì í ṣe àwọn. Ipò kejì, ipò kẹta, rárá. Ipò kẹrin: iléèwé orí òkè. Iléèwé ẹ̀gbẹ́ igbó ló gbẹ́yìn. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nu awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Ọ̀gá orí òkè kí bàbá náà pẹ̀lẹ́, ó yọ́ jáde, ó dorí kọ ṣọ́ọ̀bù.

"Wọn ò tì wá pa."

Àbúrò rẹ̀ dá máṣíìnì dúró. "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ló wojú rẹ̀. "Ọmọ mi ńkọ́? Kí ló gbà?"

Máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri kan náà, lábẹ́ orúkọ iléèwé rẹ̀. Ojú ọ̀gá ò tilẹ̀ débẹ̀.

Ìgbín tó ń gbá ẹnu ọ̀nà ti dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

"Mò ń bọ̀," ni ọ̀gá wí. Oòrùn ti ń wọ̀, wọn ò ní pẹ́ ti géètì ọ́fíìsì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi í sọ́wọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.